Òrúrù, Póńpólá àti Ìkòkò Osùn Alágẹmọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ẹ gbé e sókè, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn iná. Ẹ jẹun yó tán, ẹ wá ń dáhùn bí ẹni tí ebi ń pa.

Àlọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí gbirigbiri. Kò yà sí ààfin ọba. Kò yà sí ilé ìjòyè. Inú igbó ló já sí, ó sì forí sọ igi méjì: Òrúrù àti Póńpólá. Ó dìde, ó gbọn ara, ó tún forí sọ Alágẹmọ tó ń rẹ aṣọ lósùn létí odò.

Ẹ ti rí igi méjì yìí rí. Ẹni tó bá rin ọ̀nà jíjìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí wọn lókèèrè, pupa fòò, bí ẹni pé iná ń jó lórí igbó. Àwọn èèyàn á ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Irọ́ ni. Mo ti sùn lábẹ́ ọ̀kan, mo ti sùn lábẹ́ èkejì. Ọ̀kan gún mi lẹ́yìn, èkejì da omi sí mi lórí. Ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Aṣọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, bí wọ́n sì ṣe rí aṣọ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Láyé ìgbà náà, igi ń rìn, igi ń sọ̀rọ̀. Òrúrù àti Póńpólá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn létí oko àtijọ́ kan. Ilé tí wọ́n ti wá ni wọ́n fi ń yangàn láàárọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń yangàn nírọ̀lẹ́.

Òrúrù á ní, "Èmi, ọmọ ilé Akòko ni mí. Wọn kì í fi ẹnikẹ́ni joyè láìfi ewé ẹ̀gbọ́n mi lé e lórí. Ìwọ ńkọ́?"

Póńpólá á ní, "Ọmọ ilé Àràbà ni mí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá nàró, orúnkún rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n tìrẹ á máa wò."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ Oṣè ńkọ́, tí ikùn rẹ̀ rí bí àgbá? Ṣé ó ti bí oyún yẹn, àbí ọdún yìí náà ló tún máa fi gbé e?"

"Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ Pàńdọ̀rọ̀ náà. Sọ fún un kó lọ wá ṣòkòtò wọ̀. Ohun gbọọrọ tó ń fì dirodiro lára rẹ̀ yẹn ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé."

Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti rẹ̀ wọ́n, tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dun àwọn méjèèjì. Wọn kò bímọ.

Wọ́n ń tanná lọ́dọọdún o. Ṣùgbọ́n aṣọ tí òdòdó wọn ń wọ̀, àwọ̀ ewé ló ní. Ewé tútù, òdòdó tútù, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ òdòdó níbẹ̀? Òdòdó tí àlejò kankan kò bá yà sí kì í so. Á rọ, á já bọ́, ó parí. Ti Póńpólá ló wá le jù, nítorí ó ti ń dàgbà.

Lọ́jọ́ kan, Labalábá ń kọjá. Póńpólá kígbe, "Ìyá Labalábá, ẹ yà o! Oúnjẹ wà!"

Labalábá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àdán ń kọjá. "Bàbá Àdán, ẹ yà o!"

Àdán ní, "Ewé ni mo rí, èmi kì í jẹ ewé. Ewúrẹ́ ni kí o pè." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Oyin ń kọjá, òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀, wùùùù. Póńpólá kò pè é. Ẹkún ló bú sí. Ẹkún náà ló dá Oyin dúró.

"Kí ló dé, ìwọ igi yìí?"

"Ìyá Oyin, ẹ ṣàánú mi. Ọjọ́ orí mi ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí n kú láìfi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀."

Oyin fò yí i ká. Kò rí òdòdó kankan, àfi ìgbà tó forí gbá ọ̀kan. "Háà! Òdòdó nìyí? Òdòdó wo ló ń wọ aṣọ ewé? Ẹ gbé aṣọ yín lọ bá Alágẹmọ létí odò, kó bá yín rẹ ẹ́ lósùn. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, a ó tún gba ibí kọjá. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ rí la ó kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tí a kò bá rí, kó má sunkún pè wá mọ́ o. A níṣẹ́ lọ́wọ́."

Òrúrù gbọ́. Póńpólá gbọ́. Wọ́n bọ́ aṣọ òdòdó wọn, wọ́n ká a, ó di ọ̀dọ̀ Alágẹmọ.

Ẹ mọ ìrìn Alágẹmọ. Á gbé ẹsẹ̀ sókè, á rò ó. Á fì í síwájú, á rò ó. Á fẹ́ gbé e kalẹ̀, á tún rò ó. Kó tó ti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, àlejò rẹ̀ ti sùn, ó ti jí.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ kò kánjú, àbí?"

Òrúrù ní, "À ń kánjú, bàbá."

"Ó dáa. Ẹ jókòó, kí ẹ máa kánjú lórí ìjókòó."

Ó wo aṣọ wọn. Ó fọwọ́ pa á. Ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀. Osùn ni tèmi, ọwọ́ ni tèmi. Omi kì í ṣe tèmi, iná kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá síbí ló ń pọn omi, òun náà ló ń wá ohun ìdáná. Ìkòkò kan gba aṣọ ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n títí aṣọ á fi pọ́n, iná kò gbọdọ̀ kú, omi kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, aṣọ ìnulẹ̀ lẹ máa gbé relé."

Òrúrù wo odò. Odò wà níbẹ̀ yẹn. Ó wo igbó. Igbó jìnnà. Ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi Póńpólá."

"Ìgbà wo ni mo di ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Omi wúwo, igi fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo kéré gbé èyí tó wúwo."

Póńpólá gbà. Ọmọ ló ń wá, kò wá ìjà. Alágẹmọ mú aṣọ Póńpólá, ó nípọn bí awọ, ó fi í sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó mú aṣọ Òrúrù, ó fẹ́lẹ́, ó tẹ́ ẹ sókè. Ó da osùn sí i. Ó fi ẹyin iná díẹ̀ tó kù nínú ààrò rẹ̀ dá iná náà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe tiyín."

Póńpólá wọ igbó lọ wá igi ìdáná. Àbí ẹ ò gbọ́? Igi lọ wá igi!

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìrókò. "Ẹ kú ilé o, bàbá. Igi ìdáná ni mo ń wá. Ẹ̀ka kékeré kan péré."

Ìrókò wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí n gé ìka ọwọ́ mi fún ọ kí o lọ fi dáná? Ta ló kọ́ ọ nílé?"

Ó dé ọ̀dọ̀ Obì. Obì ní, "Mo gbé ọmọ sára, má dárúkọ iná níwájú mi. Kọjá! Kọjá kíákíá!"

Ó dé ọ̀dọ̀ Àràbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Àràbà ní, "Ọmọ ilé mi ni ọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbá ọ létí. Máa lọ sílé."

Póńpólá padà lọ́wọ́ òfo. Ó bá iná tó ń kú lọ. Aṣọ méjèèjì wà nínú ìkòkò. Kí ló máa ṣe? Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, oòrùn ti mú kí ewé ara rẹ̀ gbẹ. Ó bá na ọwọ́, ó já ewé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó kó o sínú iná. Iná gbà á, fàà! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Alágẹmọ, aṣọ mi ńkọ́?
— Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n.
Iná ń jó, ewé mi ń tán,
— Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n.
Oyin ń bọ̀, ọmọ ni mo fẹ́,
— Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n.

Òrúrù pọn omi lẹ́ẹ̀kíní. Ìkòkò kún dẹ́nu. Alágẹmọ ní, "O káre."

Ó padà lọ pọn ìkejì. Nígbà tó ń bọ̀, ó fọwọ́ kan omi náà. Ó tutù. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Bí aṣọ bá pọ́n tán, tí oòrùn wá ń pa mí, ta ni yóò fún mi lómi? Ṣé Póńpólá ni?"

Ó ní àwọn ọmọ òdòdó kan lórí tí wọn kò tíì là. Wọ́n rí bí àpò kéékèèké, ẹnu wọn tẹ̀ kọrọdọ. Ó bá rọ omi sínú wọn, ó dì wọ́n pa. Ìdajì omi ló gbé dé ìdí ìkòkò.

Alágẹmọ ní, "Omi yìí kéré."

"Odò ń fà, bàbá."

Alágẹmọ yí ọrùn, ó wo odò. Odò kún, ó ń ṣàn gbuurugbu. Ó rò ó. Kó tó rò ó tán, Òrúrù ti lọ.

Póńpólá já ewé àárín, ó kó o sínú iná. Ẹ gbè é!

Alágẹmọ, aṣọ mi ńkọ́?
— Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ́n.

Ní ìgbà kẹta, Òrúrù dé, gbogbo àpò orí rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n korobá ọwọ́ rẹ̀ gbẹ táútáú. Gbogbo omi wà nínú àpò.

"Omi dà?"

"Odò ti gbẹ, bàbá. Ó gbẹ pátápátá. Iyanrìn ló kù."

Ọ̀pọ̀lọ́ yọ orí jáde láti inú odò. "Ta ló ní odò gbẹ? Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé orí òkè ni mo wà ni?"

Òrúrù ní, "Ìwọ náà, ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ní àkókò yẹn, omi ti fà nínú ìkòkò. Ìkòkò ń ta páú páú. Òórùn jíjó ti ń jáde. Póńpólá ti já ewé òkè pátápátá, ó di ewé kan ṣoṣo mú lọ́wọ́. Ó ń kígbe, "Òrúrù, omi! Aṣọ ń jó! Òrúrù, ọmọ mi ló ń jó yìí o!"

Òrúrù ká apá mọ́ àyà.

Alágẹmọ rìn lọ bá a. Ó gbé ẹsẹ̀, ó rò ó. Ó gbé ìkejì, ó rò ó. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó sún ojú méjèèjì mọ́ orí Òrúrù tímọ́tímọ́. "Kí ni ìwọ̀nyí tó wú rondo-rondo lórí rẹ?"

"Oówo ni, bàbá. Oówo ló mú mi. Kò jẹ́ kí n sùn."

"Oówo? Pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ kí n bá ọ tẹ ọ̀kan, bóyá ó ti gbó."

"Rárá, bàbá, ẹ má ṣe..."

Alágẹmọ tẹ̀ ẹ́. Ṣààà! Omi tú sí i lójú. Ojú rẹ̀ ọ̀tún sá lọ sókè, ojú rẹ̀ òsì sá lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú méjèèjì kò tíì gbọ́ ara wọn yé.

"Oówo olómi tútù!" ni Alágẹmọ wí. Ojú kan ń wo Òrúrù, ojú kan ń wo ìkòkò. Pé òun lè wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà wá dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀.

Póńpólá kò dúró gbọ́ tiwọn. Ó sọ ewé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iná, ó fò mọ́ Òrúrù nídìí, ó wọ́ ọ dé ẹnu ìkòkò, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bí ẹni ń gbọn ẹ̀wù. Omi dà sínú ìkòkò, ṣọ̀ọ̀! Ìkòkò dákẹ́. Aṣọ kò jó mọ́. Ṣùgbọ́n omi náà kò pọ̀ tó láti bo aṣọ tó wà lókè tán. Etí rẹ̀ yọ síta.

Nígbà tó yá, kí iná tó kú tán, Alágẹmọ ní, "Ó ti pọ́n."

Ó fa aṣọ Póńpólá yọ láti ìsàlẹ̀. Pupa, ó mu osùn yó. Ó fa aṣọ Òrúrù yọ láti òkè. Òun náà pupa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó yọ síta kò mu osùn tó. Ó rí bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

Póńpólá ní, "Ṣé o rí i? Omi tí o fi pamọ́ ló ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀."

Òrúrù gba aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó so ó mọ́ra. "Ìlara ló ń ṣe ọ́. Ìgbátí ni mo ní kí wọ́n fi sí i."

Báyìí, ẹ wo Póńpólá. Kò sí ewé kan lára rẹ̀, ìhòòhò goloto. Ewúrẹ́ tó ń kọjá rí ara rẹ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó ní, "Èyí dára fún ẹ̀yìn yíyún," ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ra igi náà gìrìgìrì.

Alágẹmọ ní, "Ọmọ, orí iná mi ni ewé rẹ tán sí. N kò lè dá a padà, ọwọ́ mi kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán aṣọ kó tó wọ ìkòkò." Ó kó gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó gún wọn mọ́ ara Póńpólá láti ìdí dé àárín, ẹnu wọn síta. Ewúrẹ́ fi ẹ̀yìn ra ìdí igi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀! Kò padà wá mọ́.

Ó kọjú sí Òrúrù, ìyẹn ni pé ó kọ ojú kan sí i. "Ìwọ, omi tí o fi pamọ́ nígbà tí iná ń jó ẹni ẹlẹ́ni, kó máa bá ọ gbé. Iná kò ní bá ọ ṣọ̀rẹ́ láé."

Òrúrù ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ta ló ń wá ọ̀rẹ́ iná?"

Wọ́n padà sílé. Ọyẹ́ fẹ́. Ewé Òrúrù ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ó tutù minijọ, aṣọ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ewé. Póńpólá so aṣọ pupa mọ́ ìhòòhò. Ojú ń tì í. Nígbà tó gbọ́ wùùùù lókèèrè, ó fẹ́ sá sẹ́yìn Òrúrù.

Òrúrù ní, "Sún sẹ́yìn, oníhòòhò! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò nílé Àràbà nìyẹn?"

Ṣùgbọ́n Oyin ti rí nǹkan láti òkèèrè. Gbogbo igbó ti gbẹ, gbogbo ilẹ̀ dàpọ̀ mọ́ eruku, nǹkan kan ṣoṣo ló ń pọ́n níbẹ̀ tí ewé kankan kò bò. Ó forí lé e tààrà, òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo sunkún níjọ́sí?"

"Èmi ni, Ìyá Oyin. Ẹ má wò mí, mo bẹ̀ yín. N kò ní ewé lára."

"Ewé? Ewé wo? Ṣebí ewé náà ni kò jẹ́ ká rí ọ níjọ́sí!"

Wọ́n wọlé. Wọ́n jẹ. Labalábá rí wọn, ó yà. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, Àdán náà yà. Ó ń pọ́n ìka lá. "Háà! Gbogbo ìgbà tí mo ń kọjá, ibí yìí ni oúnjẹ wà?"

Òrúrù ń ju aṣọ fì. "Èmi náà nìyí o! Ẹ wo ibí! Tèmi ní ìgbátí!"

Oyin gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "A ti yó, ọmọ. Ṣé o lómi níbẹ̀ ká fi sìn ín?"

Ẹ̀rín pa Póńpólá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kí ni Òrúrù máa ṣe? Omi ló ní, omi ló gbé kalẹ̀, ó fajú ro. Àwọn ẹyẹ gbọ́ pé omi wà, àwọn náà yà. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe rí ọmọ tirẹ̀ nígbẹ̀yìn. N kò ní sọ pé kò rí.

Nígbà tí ọmọ Póńpólá tó àkókò, ó bí wọn, wọn kò lóǹkà. Ó wo ara rẹ̀ láìléwé, ó rántí bí Ewúrẹ́ ṣe fi òun ra ẹ̀yìn, ó rántí ẹ̀rín Òrúrù. Ó ní, "Ọmọ tèmi kò ní rìn níhòòhò." Ó ran òwú funfun, ó fi wé ọmọ kọ̀ọ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀ kó tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èso Póńpólá fi ń là pẹ̀lú òwú títí dòní. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀gún fi wà lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí omi fi ń wà nínú ọmọ òdòdó Òrúrù, tí àwọn ọmọ yín máa ń ta sí ara wọn lójú. Ẹni tó bá sì gbé igi Òrúrù wọ ààrò, á fẹ́ná títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ọbẹ̀ kò ní hó.

Àti Póńpólá o, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, kó tó mú aṣọ pupa rẹ̀ jáde, á kọ́kọ́ já gbogbo ewé ara rẹ̀ sílẹ̀. A ti sọ fún un pé aṣọ ti pọ́n tipẹ́tipẹ́. Kò gbà. Ó ní iná kò gbọdọ̀ kú.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n gba abẹ́ Òrúrù kọjá lọ́la, kí gbogbo oówo rẹ̀ tú sí mi lójú.